Iyán, Ọkà, Ẹ̀wà àti Ògì: Ìfiwéra fún Ẹni tó Ń Yan Oúnjẹ fún Aláìsàn àti Ọmọdé

Àwọn àgbà ti ń fi oúnjẹ wé oúnjẹ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní Èkìtì, níbi tí a ti ń pe iyán ní uyán, tí ọ̀pọ̀ ilé kò sì gbà pé àlejò ti jẹun bí wọn kò bá gún un fún un, kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá ọ̀rọ̀ yìí jiyàn. Ṣùgbọ́n adùn, iyì àti bí oúnjẹ ṣe ń pẹ́ nínú ikùn ni àwọn àgbà fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìfiwéra tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín dá lórí ohun mìíràn, èyíinì ni ohun tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, nínú ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń jẹun, àti nínú ara ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn ni ti bàbá wa kékeré ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga jù, ilé ìwòsàn tí wọ́n lọ fún wọn ní bébà kan tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí: kí wọ́n má ṣe jẹ iyán mọ́, kí wọ́n máa jẹ àmàlà, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Bébà náà kò sọ ìwọ̀n, kò sì sọ ìdí. Ìyàwó wọn wá ń ro àmàlà rọ̀bọ̀tọ̀ fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí pé àwọn àgbà ti sọ pé ọkà ni oògùn, bébà sì ti jẹ́rìí sí i. Oṣù mẹ́ta kọjá, ṣúgà kò wálẹ̀. Orúkọ oúnjẹ ni wọ́n fún wọn, wọn kò fún wọn ní òye tí a fi ń yan oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ òye náà kò kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ń dáná lè mọ̀.

Yíyó yàtọ̀ sí rírí ohun tí ara ń wá

Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù kan èròjà afúnnilágbára, irú èyí tó kún inú iṣu, gaari àti ìrẹsì, máa ń mú nǹkan bíi kálórì 4 wá. Gíráàmù kan purotéènì, tí ara fi ń kọ́ iṣan tó sì fi ń wo ọgbẹ́ san, ń mú 4 wá pẹ̀lú, nígbà tí gíráàmù kan ọ̀rá tàbí epo ń mú 9 wá. Èròjà aṣaralóore ni orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo ohun tí ara ń yọ lò nínú oúnjẹ: àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, pẹ̀lú fítámì, àti àwọn èròjà bí irin, síńkì àti áyódíìnì tí ara kì í fẹ́ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣe é kí ó má ní wọn. Fáíbà ni apá oúnjẹ tí ikùn kò lè dà, tó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kálórì àti èròjà aṣaralóore, ẹ gbé iṣu sísè gíráàmù 100 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wà sísè gíráàmù 100. Kálórì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bíi 116. Ṣùgbọ́n purotéènì inú iṣu yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1.5, ti inú ẹ̀wà sì sún mọ́ 8. Ẹni méjì lè jẹ àwo méjì yìí, kí àwọn méjèèjì yó bákan náà, kí ara ọ̀kan sì máa wá ohun tí kò rí.

Iṣu kan náà nínú odó àti nínú ìkòkò ọkà

Ní ọdún 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ń sọ bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè sí. Glukóòsì, tí í ṣe ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, ni wọ́n fún ní 100. Oúnjẹ tó bá gba 55 tàbí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tó rọra ń gbé ṣúgà sókè, èyí tó bá sì gba 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ èyí tó ń sáré gbé e. N óò máa pe èyí ní òṣùwọ̀n ìyára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òṣùwọ̀n yìí kì í tẹ̀lé orúkọ oúnjẹ nìkan, ó máa ń tẹ̀lé bí a ṣe sè é. Ẹ wo ẹni tó ń gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé. Ege iṣu gbígbóná á kọ́kọ́ fọ́ wẹ́wẹ́ nínú odó, á máa ta mọ́ ara odó. Lẹ́yìn náà ọmọ odó á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, ìró rẹ̀ á wúwo sí i, ẹni tó ń gún á máa fi ọwọ́ tó rẹ sómi yí i po, títí kókó kankan kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Iyán tí kò ní kókó ni à ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí kókó ṣe ń tú ni àwọn ilé tíntìntín tí sítáàṣì, èyíinì ni èròjà afúnnilágbára inú iṣu, ń gbé ń tú pẹ̀lú. Odó ti bá ikùn ṣe apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, sítáàṣì náà á sì tètè di ṣúgà. Ẹni tó bá jẹ iṣu yìí kan náà ní sísè, tó ń fi eyín rẹ̀ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, fi iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún ikùn, ṣúgà rẹ̀ sì máa ń rọra gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmàlà ńkọ́? Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná ni èlùbọ́. Omi ti kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà sítáàṣì tó wà nínú ife èlùbọ́ kan pọ̀ ju èyí tó wà nínú ife iṣu sísè kan lọ, kí a tó fi omi gbígbóná rò ó. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ kò sọ ọ́ di oògùn. Ọkà tí àwọn àgbà pè ní oògùn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn, kò sì tọ́ kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa lò ó bí ẹni ń lo oògùn. Ẹ̀bà ní tirẹ̀ ni aláìní jùlọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé gíráàmù 100 gaari gbígbẹ ní nǹkan bíi kálórì 360, bẹ́ẹ̀ purotéènì inú rẹ̀ kò ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá yan ẹ̀bà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọbẹ̀ kún fún ohun tí ẹ̀bà kò ní.

Sẹ̀mó jẹ́ àlìkámà tí wọ́n ti yọ èèpo rẹ̀ kúrò, kò sì sàn ju iyán lọ fún alátọ̀gbẹ. Àlìkámà tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ní fáíbà jù ú lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú dára ju èyí tó ti pọ́n lọ, nítorí pé bí ó ṣe ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, kí ó wá èyí tí wọn kò bó funfun jù, kí ó sì fi ẹ̀wà kún un.

Òṣùwọ̀n kejì ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun ni bébà bàbá wa kò sì mẹ́nu bà: iye tí a jẹ. Àwọn onímọ̀ máa ń fi òṣùwọ̀n ìyára oúnjẹ sọ gíráàmù èròjà afúnnilágbára inú àwo di púpọ̀, wọ́n á wá fi 100 pín in, ohun tó bá sì jáde ni ẹrù ṣúgà tí àwo náà gbé wá. Bí ó bá jẹ́ 10 tàbí tó kéré sí i, ẹrù náà fúyẹ́. Bí ó bá tó 20, ó ti wúwo. Gíráàmù 100 iṣu sísè ní nǹkan bíi gíráàmù 27 èròjà afúnnilágbára, èyí tó fi hàn pé ẹni tó bá jẹ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, èyí tí kò ṣòro fún àgbàlagbà tí iyán dùn mọ́, ti gbé gíráàmù 108 mì nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Àmàlà rọ̀bọ̀tọ̀ kò lè sàn ju iyán kékeré lọ. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún bàbá wa, iyán tí kò ju ìkúùkù wọn lọ ni n óò yàn, tí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ẹ̀gúsí díẹ̀ àti ẹja gba ibi tó kù nínú àwo, tí wọ́n sì jẹ lára ẹ̀fọ́ àti ẹja náà kí wọ́n tó kan òkèlè. Oúnjẹ tí a bá fi ẹ̀fọ́ àti purotéènì ṣáájú rẹ̀ kì í gbé ṣúgà sókè bí èyí tí a fi òkèlè bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù lójijì láìsọ fún dókítà, nítorí pé ṣúgà lè jábọ́, ewu rẹ̀ sì máa ń tètè dé ju ti ṣúgà tó ga lọ.

Ẹ̀wà, òtílí, ẹyin, ẹja àti pọ̀nmọ́

Purotéènì kò rí bákan náà. Wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní àmínò ásíìdì ni a fi kọ́ ọ, mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn tí ara àgbàlagbà kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé inú oúnjẹ nìkan ló ti lè rí wọn. Ẹyin, ẹja, wàrà àti ẹran ní gbogbo wọn ní ìwọ̀n tó tẹ́ ara lọ́rùn. Àgbàdo kò ní tó nínú èyí tí wọ́n ń pè ní láísìnì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà ní láísìnì púpọ̀ ṣùgbọ́n mẹtáyónínì kò tó nínú tirẹ̀. Ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì fi ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tó kọ́ wa láti máa fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ, láti máa fi mọ́ínmọ́ín mu ògì, àti láti máa se àdàlú ẹ̀wà àti àgbàdo. Wọn kò ní yàrá àyẹ̀wò, síbẹ̀ àwo wọn pé.

Láàárín ẹ̀wà àti òtílí, ìyàtọ̀ inú wọn kò tó nǹkan: ẹ̀wà gbígbẹ ní nǹkan bíi gíráàmù 23 purotéènì nínú 100, òtílí sì ní nǹkan bíi 21 sí 22. Iye gáàsì tàbí igi ìdáná ni kí ẹ wò, nítorí pé òtílí máa ń pẹ́ lórí iná ju ẹ̀wà lọ, àyàfi bí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Sóyà gbígbẹ, tó ní nǹkan bíi gíráàmù 36, ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́wà wọ̀nyí. Ti pọ̀nmọ́ ló ń dùn mí. Purotéènì wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni irú tí ara ẹran fi ń so awọ pọ̀, ọ̀kan sì wà nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn tí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí owó ọwọ́ yín kò bá ju ti pọ̀nmọ́ tàbí ti ẹyin lọ, tó sì jẹ́ aláboyún tàbí ọmọdé ni ẹ fẹ́ fún, ẹ ra ẹyin.

Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, irin inú ẹran àti ẹja máa ń tètè wọ inú ara ju irin inú ẹ̀fọ́ lọ. Ọsàn tí a jẹ lẹ́yìn oúnjẹ máa ń ran irin inú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, tíì tí a mu pẹ̀lú oúnjẹ sì máa ń dí i lọ́nà.

Ògì tó ṣàn àti ògì tó gbé ọmọ ró

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi tàbí àgbo, kí ó sì máa mu ún lọ pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn oṣù 6 yìí ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú ní ilé wa, nítorí pé ògì ni ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Mílílítà 100 omi ọmú ní kálórì bíi 65 sí 70. Ògì tí a pò kí ó lè ṣàn lẹ́nu ọmọ lè má ní ìdajì rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí a rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, apá kan nínú purotéènì àti irin rẹ̀ bá èèrí lọ. Ikùn ọmọ kéré, kò lè gba ìwọ̀n ògì ṣíṣàn tó lè tó o.

Nítorí náà, bí ẹ bá fi ògì lásán wé ògì tí a tún ṣe, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ jẹ́ kí ó ki débi pé kò ní tètè dà sílẹ̀ nínú ṣíbí. Ẹ fi ìyẹ̀fun sóyà tí a yan dáadáa tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí i, ẹ fi edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná kún un, kí ẹ sì kán epo pupa díẹ̀ sí i. Epo pupa tí a kò yọ pupa rẹ̀ dára ju òróró lọ níhìn-ín, nítorí pé ohun tó mú un pọ́n ni ara ń sọ di fítámì A tí ojú àti awọ ọmọ ń wá, èyí tí yíyọ epo títí yóò fi funfun sì ń bà jẹ́.

Àìjẹunkánú tó le koko ní ojú méjì, ó sì yẹ kí òbí mọ méjèèjì. Marasmus ni ti ọmọ tó gbẹ: egungun ìhà rẹ̀ hàn, awọ ìdí rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀, ojú rẹ̀ dà bí ti arúgbó. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i mọ̀ pé ebi ń pa á. Kwashiorkor ló ń tan ènìyàn jẹ. Dókítà Cicely Williams ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1933 láti ilẹ̀ Gánà òní, ó sì fi orúkọ tí àwọn Gã ń pè é pè é ní 1935, orúkọ tó ń tọ́ka sí àìsàn tó ń ṣe ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò rẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á kún, irun rẹ̀ á máa pọ́n, awọ ara rẹ̀ á máa bó, kò sì ní fẹ́ ṣeré. Mo ti gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń sọ pé ọmọ náà ń sanra. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò sì tètè kún padà, omi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹran ara.

Tépù aláwọ̀ mẹ́ta tí àwọn nọ́ọ̀sì ń so mọ́ apá ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín oṣù 6 sí 59 tún wà. Bí apá náà bá tó sẹ̀ntímítà 12.5, ara ọmọ le. Bí ó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ẹ tètè gba ìmọ̀ràn. Bí kò bá tó 11.5, ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀ ni. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú wà nínú ewu yìí kan náà, ohun yòówù tí tépù ì báà sọ. Fún ọmọ tó ṣì lè jẹun dáadáa tí kò sì ní àìsàn mìíràn, oúnjẹ ẹlẹ́pà inú sáṣẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó gíráàmù 92 tó sì ní kálórì 500, lè wò ó sàn nílé. Èyí tí ara rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé kò lè jẹun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹnu, rọ́bà imú, tàbí iṣan

Ìgbàgbọ́ kan wà lọ́dọ̀ wa pé omi dírípù ni oúnjẹ aláìsàn. Lítà kan nínú omi dírípù oníṣúgà tí wọ́n sábà máa ń lò ní gíráàmù 50 glukóòsì, èyí tí kálórì rẹ̀ kò tó 200, tí kò sì ní purotéènì kankan. Omi ló ń fún ara. Oúnjẹ gidi tó ń gba inú iṣan wọlé wà lóòótọ́, láti ìgbà tí Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 1968 pé ọmọ lè dàgbà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ìfun bá ń ṣiṣẹ́, ìfun ni kí a lò. Ẹni tó lè gbé nǹkan mì, kí ó fi ẹnu jẹ. Ẹni tí kò lè gbé e mì, irú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lọ́fun, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba imú lọ sí ikùn sàn fún un ju iṣan lọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ rọ́bà yìí nítorí pé ó dà bí àmì pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ̀ ọ́.

Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn dókítà rí i pé àwọn kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ogun kú lẹ́yìn tí wọ́n ti rí oúnjẹ jẹ. Oúnjẹ tó ya wọlé lójijì máa ń mú kí fọ́síféètì àti pọtásíọ̀mù, àwọn èròjà tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, jábọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fún aláìsàn ní fítámì B1 ṣáájú.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ lè yí padà fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi ìwé alátọ̀gbẹ bọ́ ọ. Pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú iṣu, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kíndìnrín rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n ó lè dá ọkàn dúró fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè tú u dànù mọ́. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé pọtásíọ̀mù rẹ̀ ga, kí wọ́n gé iṣu rẹ̀ kéékèèké, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀, kí wọ́n bọ̀ ọ́, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n sì fi omi tuntun sè é. Nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, dókítà lè ní kí ó dín purotéènì kù. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ̀rọ náà yóò máa fa purotéènì jáde lára rẹ̀, ẹyin tí wọ́n ní kí ó yẹra fún lóṣù tó kọjá yóò sì di èyí tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ.